Bí A Bá Ná Ọjà Tán, Kí A Wo Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí iṣẹ́ tàbí òwò ń mú kúrò nílé: oníṣòwò, awakọ̀, olùkọ́, akọ̀wé, àti ẹni tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ rán lọ sí ìpàdé. Ó sì kan ẹ̀yin ọmọdé náà, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè mi nìyí: bí ènìyàn bá ti ń lọ sí ìlú kan fún ogún ọdún, tí kò sì mọ ohunkóhun níbẹ̀ ju ibùdókọ̀ àti ìsọ̀ oníbàárà rẹ̀ lọ, ǹjẹ́ a lè sọ pé ẹni náà mọ ìlú yẹn? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀. A lè ka iye owó tí a ti ná níbẹ̀, a sì mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù, ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá bi wá léèrè pé, "Ìyá, báwo ni ìlú náà ti rí?" ohun tí a ó lè sọ kò ju pé ọjà ibẹ̀ tóbi, oòrùn ibẹ̀ sì mú.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ṣáájú wa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, wọn kì í sì í ná gbogbo ọjà lójoojúmọ́. Alájàpá tí ó bá dé ìlú lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, dandan ni kí ó dúró de ọjọ́ ọjà mìíràn. Ilé onílé ni ó ń wọ̀ sí. Ó ń bá wọn jẹ, ó ń bá wọn ṣe ọdún, ó sì ń gbọ́ ìtàn ìlú lẹ́nu àgbà. Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí a ń pè ní òṣómàáló. Àwìn ni wọ́n ń ta káàkiri, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà wá gba owó wọn. Ta ni ó lè ta àwìn fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ mọ agbo ilé, kí ó mọ ẹbí, kí ó sì mọ ìgbà tí owó kòkó ń wọlé. Fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, mímọ ìlú jẹ́ apá kan nínú òwò rẹ̀.

Ní òde òní, ọ̀nà ti yá. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 157, láàrin wákàtí mélòó kan. Ènìyàn lè jí lọ ní òwúrọ̀, kí ó sì sùn sílé ní alẹ́. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n àyè tí àwọn baba wa ní láti mọ ìlú ti bá ìyára náà lọ. Bí àwa kò bá fi ọwọ́ ara wa wá àyè náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí yóò tún fi agbára dá wa dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a wí pé obìnrin kan lọ ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Ó dé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Nígbà tí ó fi di aago méjìlá, ó ti rà tán, ó ti san owó, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Bí ó bá fi wákàtí mẹ́rin péré kún un, kí ni yóò rí?

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe aṣọ náà. Yóò rí i bí wọ́n ti ń fi ìko di aṣọ pọ́npọ́n kí wọ́n tó tì í bọ inú aró. Èyí ni àdìrẹ oníko. Yóò rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí ara aṣọ, kí aró má bàa mú ibi tí ẹ̀kọ bá bò. Yóò gbọ́ nípa ewé ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń pa aró, yóò sì rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń lo àbẹ́là yíyọ́ àti aró inú agolo lóde òní.

Ẹ má ṣe rò pé ìran lásán ni ó ń wò. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí a ya àwòrán àdìrẹ sí lára, ti kún ọjà wa, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró. Ẹni tí ó bá ti dúró ti aláró fún wákàtí kan kò rọrùn láti tàn jẹ. Yóò mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kì í ya àwòrán méjì kí wọ́n dọ́gba gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa tẹ ohun kan náà lé ara wọn láìyẹ̀. Yóò mọ̀ pé kí òun yí ẹ̀yìn aṣọ padà: aró tòótọ́ ti wọ inú òwú lọ, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ sábà máa ń dúró sí ojú aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì ṣì. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ohun tí ó pè ní fàájì ti di ọgbọ́n òwò?

Lẹ́yìn èyí, kí ó gòkè Olúmọ. Àpáta náà kò jìnnà sí Ìtòkú. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn àtijọ́, tẹ̀ dó sí abẹ́ àpáta yìí, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ olórí wọn. Nínú rẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wá. Ẹni tí ó bá wo ihò tí àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí ó sì rí ojú ọlọ tí wọ́n ti lọ oúnjẹ lára àpáta, kò ní gbàgbé. Orí àpáta náà ga ní mítà 137 sí ojú òkun. Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ agbénigòkè kún un. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, àtẹ̀gùn kì í dákẹ́.

Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, kí ó yà sí Aké. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní èdè wa. Aké kan náà ni àwọn obìnrin ọjà kó ara wọn jọ sí ní ọdún 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, láti sọ pé àwọn kò ní san owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́nà tí kò tọ́. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ilú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Alátẹ àti aláró ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà. Ẹni tí ó ń ra ọjà ní Ìtòkú láìmọ èyí, ó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ọmọ àwọn akọni láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òṣìṣẹ́. Wọ́n rán ọ lọ sí ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn. Ó parí ní ọjọ́ Ẹtì, o sì fẹ́ lo ọjọ́ Àbámẹ́ta níbẹ̀. O fẹ́ gun ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àrẹ ní ọdún 1936 ní ìrántí Bower, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ń yí po. Kí o ti ibẹ̀ wo òrùlé ìlú náà bí ó ti lọ salalu. O fẹ́ rí gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, àti Ilé Kòkó tí ó parí ní ọdún 1965, kí o lè sọ fún ọmọ rẹ pé èrè oko àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ta ni ìwọ yóò ná?

Níhìn-ín gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta tí a rán ọ, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ọjọ́ kẹrin, tìrẹ ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, àpò rẹ ni owó ibùsùn àti owó oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ. Kí o tó kúrò nílé ni kí o ti sọ fún ọ̀gá rẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi ọjọ́ kan ti ara mi kún un." Bí ó bá gbà, kò sí ẹni tí yóò lè bú ọ, bí ó bá kọ̀, máa bọ̀ nílé. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá fi owó ọjọ́ mẹ́rin sínú ìwé ìnáwó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, olè ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ìlú ni ó lọ kọ́.

Ti oníṣòwò tún le ju ti òṣìṣẹ́ lọ, nítorí pé owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè máà jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Owó àjọ lè wà níbẹ̀. Owó aládùúgbò tí ó ní "bá mi ra ìdì méjì bọ̀" lè wà níbẹ̀. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sọnù níbi ìgbafẹ́, ìgbẹ́kẹ̀lé tí a fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ti wó lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ra ọjà, kí a san gbogbo owó, kí a sì fi ẹrù sí ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ dáadáa, kí a tó gbé ẹsẹ̀ lọ síbikíbi. Owó ìgbafẹ́ kí ó wà nínú àpò ọ̀tọ̀, kí ó sì mọ níwọ̀n. Nígbà tí àpò náà bá gbẹ, ìgbafẹ́ parí nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ru tòmátò tàbí ẹja tútù, kí ó máa lọ sílé tààrà. Olúmọ kò ní jẹrà, ṣùgbọ́n tòmátò yóò jẹrà.

Ẹ̀yin tí òwò ń gbé lọ sí Kútọnú, ọ̀nà yín tilẹ̀ kún fún ohun rírí. Ẹ ó la Àgbádárìgì kọjá, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, tí wọ́n sì parí ní ọdún 1845. Níbẹ̀ náà ni ọ̀nà etí òkun wà, tí wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Bí ẹ bá ré ẹnu ibodè kọjá, ẹ lè yà sí Àjàṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, ẹ ó sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíìlì, ló mú irú ilé kíkọ́ yẹn wá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní ààyè láti wọ ìlú ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ péye. Kí ẹ sì ṣẹ́ owó sí sẹ́fà níwọ̀nba, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé, "Ta ni ó ní àyè irú èyí? Ọmọ ń dúró nílé, èrè kò sì tó nǹkan." Òótọ́ ni. Ìyá tí ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ilé ni kí ó máa bọ̀. N kò sọ pé kí a máa ṣe é ní gbogbo ìgbà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó, wákàtí mẹ́rin tó. Bí ìsinmi ilé-ìwé bá dé, ẹ mú ọmọ kan dání. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín ka ìdì aṣọ ní àárọ̀, kí ó sì bá yín gun àpáta ní ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Kí gbogbo wa sì sọ fún ará ilé ibi tí a ó yà sí àti ọjọ́ tí a ó padà, kí a má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú wa sójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ti rìn jìnnà. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwa ni a kò gbé ojú sókè. Nígbà tí òwò bá tún mú yín jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ wa.