Fítámì Inú Ìkòkò àti Fítámì Inú Ike: Èwo Ni Ká Náwó Lé?

 

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. N kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Iṣẹ́ ọba ni mo sì fi ayé mi ṣe, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, láti ìgbà tí a ṣì ń jẹ́ Bendel títí wọ ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ẹdó sílẹ̀ ní 1991, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ, inú oko àti inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi yé mi dáadáa. Owó kan wà lápò ẹgbẹ́ fún ìtọ́jú àwọn àgbà wa lópin ọdún. Àwọn kan ní ká fi ra fítámì oníhóró, ike kọ̀ọ̀kan fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ní ká fi ra ohun oúnjẹ. Màá dáhùn kí n tó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ gba Ọjà Ọba kọjá ná.

Ọjà kan, àtẹ méjì

Kò sí ẹni tí kò mọ Ọjà Ọba nínú wa, níbi Ring Road láàárín ìlú. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yóò rí àwọn ìyá tó pàtẹ ẹ̀fọ́ ugu, gbúre, ewúro, efinrin àti tẹ̀tẹ̀. Yóò rí epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, yóò rí edé, ẹja gbígbẹ, ẹ̀wà, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń kiri oògùn yóò fi kọjá níwájú rẹ̀, tí yóò máa polówó oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn ojú, oògùn agbára. Owó tó wà lápò wa kò pọ̀, pàápàá owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó lé ike, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni yóò dínkù nínú àpò ọjà rẹ̀ tó bá ń relé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tó ohun tí à ń jókòó lé lórí.

Kí ni fítámì?

Fítámì jẹ́ èròjà tí ara nílò ní ìwọ̀nba kékeré, ṣùgbọ́n tí ara kò lè dá ṣe tó fúnra rẹ̀. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, fítámì D, awọ ara wa lè ṣe é bí oòrùn bá ń ta sí i. Inú oúnjẹ la ti ń rí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Fítámì kì í fúnni lágbára bí iyán ṣe ń fúnni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ara rí oúnjẹ lò. Ẹni tí kò jẹun kánú tó wá ń gbé fítámì mì, ó dà bí ẹni tó rọ ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò ní bẹntiróò.

Casimir Funk ló fún èròjà náà lórúkọ ní 1912. Ṣáájú rẹ̀, dókítà ará Họ́láńdì kan, Christiaan Eijkman, rí i ní erékùṣù Java pé àwọn adìyẹ tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ dànù ń rọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ìrẹsì pẹ̀lú èèpo, ara wọn yá. Fítámì B1 ló wà nínú èèpo yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè ni àwọn dókítà ti ń rí àìsàn kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lẹ́yìn náà ní Ìkàrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Lásìkò òjò, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ènìyàn á ṣàdédé máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbà á dúró, á máa rìn tàgétàgé bí ẹni tó mutí yó. Nǹkan báyìí, ó rọrùn láti sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Dókítà Bọ́lá Adámọ́lékún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tọpa rẹ̀. Ní 1993, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, pé ìdin kan tí wọ́n ń yan jẹ lásìkò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìdin yìí jẹ́ ẹbí àwọn kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára wọn. Wọ́n wá pín àwọn aláìsàn sí méjì: wọ́n fún apá kan ní fítámì B1, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní nǹkan nínú. Ara àwọn tó gba fítámì ló yá jù. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ohun kan wà nínú ìdin náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò rí ẹran àti ẹja tó. Oúnjẹ onígbànrìn bí ẹ̀bà, tí kò ní B1 púpọ̀, ló kún inú wọn. Ìdin wá ba ìwọ̀nba tó kù jẹ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, hóró fítámì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lè gbé aláìsàn dìde. Èkejì, inú ìkòkò ni àìtó náà ti wá, inú ìkòkò ni a sì gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Epo pupa tí a fojú kéré

Ìlú tí a wà yìí, ìlú ọ̀pẹ ni. Lẹ́bàá Benin níbí ni ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ, NIFOR, wà láti 1939. Ohun tó mú epo pupa pọ́n ni èròjà tí wọ́n ń pè ní carotene, tí ara máa ń sọ di fítámì A fún ojú àti fún awọ. Ara kì í sọ ọ́ di fítámì A ju bó ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà epo inú ọbẹ̀ kò lè fún wa ní fítámì A àpọ̀jù. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ epo lórí iná títí ó fi funfun, a ti ba carotene náà jẹ́. Ẹ sì ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, nítorí NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àwọn tó ń po aró mọ́ epo kó lè pọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n kó carotene sínú hóró. Ní Finland, wọ́n lo ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá fún ìwádìí. Wọ́n retí pé hóró náà á dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tó lo ó ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú jù, ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Èròjà tí kò ṣe wá ní nǹkan nínú ọbẹ̀ lè yíwọ́ bí a bá kó o jọ sínú hóró, tí a ń gbé e mì lójoojúmọ́.

Àwọn tó nílò hóró

N kò sọ pé ká da gbogbo hóró nù. Aláboyún nílò folic acid àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn. Folic acid, bó bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ń dín àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú kù. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá fítámì A tó lágbára rà fúnra rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ń gba fítámì A lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà: ẹyọ 100,000 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 200,000 fún èyí tó ti lé. Ẹ gbé wọn lọ.

Àwa àgbà ńkọ́? Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni fítámì B12 wà. Bí a ti ń dàgbà, inú wa kì í gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin sì máa ń dín in kù sí i. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń jóni, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ní Jos, àwọn ọmọ kan wà tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Ó rọrùn láti rò pé fítámì D ni kò tó. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1999 fi hàn pé kálísíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú wàrà àti edé, ni wọ́n nílò jù.

Ewu tó wà nílé

Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ọba ra oògùn aláràmàǹdà kan ní owó gọbọi. Ẹni tó tà á fún un ní kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún rọ. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, kò sí fítámì tó ń rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Nọ́ńbà NAFDAC lára ike kò túmọ̀ sí pé ó ń wo gbogbo àìsàn tí olùtà ń kà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ń fi ike ránṣẹ́ nítorí ìfẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gbé ike náà lọ fi han dókítà yín. Ẹni tó bá ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má dì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún èyí tó ní fítámì K. Ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọmọ kékeré.

Bí a ṣe lè pa fítámì mọ́ nínú ìkòkò

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ má bọ̀ ọ́ kí ẹ da omi rẹ̀ nù, nítorí fítámì C àti folate ń bá omi náà lọ. Ẹ fi epo díẹ̀ sè é, torí epo ló ń gbé fítámì A wọ ara. Ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ara lè rí èròjà ẹ̀jẹ̀ inú wọn gbà; ẹ sì sún tíì síwájú díẹ̀, nítorí ó ń dí i lọ́wọ́. Láti 2002 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fi fítámì A sí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Oòrùn ń ba ti inú òróró jẹ́, nítorí náà ẹ má ra èyí tó ti ń yá oòrùn nínú ìgò funfun. Bí ẹ bá rí gàrí láti inú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbẹ̀ wa ní 2011, ẹ rà á. Òun náà ní fítámì A.

Ìdáhùn mi

Àwọn baba wa ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe fi owó àgbà ra ike fítámì. Ẹ fi apá tó pọ̀ jù ra ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, edé, ẹyin àti epo pupa ní Ọjà Ọba. Ẹ fi ìyókù pe nọ́ọ̀sì wá sí gbọ̀ngàn yìí láti yẹ ìfúnpá àti ṣúgà ara wọn wò. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé hóró tọ́ sí, kí ẹgbẹ́ bá a ra èyí tí dókítà bá kọ, èyí náà gan-an. Owó kan náà ni. A kàn fẹ́ kó dé ibi tó yẹ ni.