ORIN ÀTIJỌ́ NÍNÚ ÀWO TUNTUN
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ọ̀tà

Orin tí mo mú wá síwájú yín lónìí kì í ṣe orin ìsìn. Orin ijó ni, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń pè ní soul. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni àlùfáà ní í ṣe pẹ̀lú irú orin bẹ́ẹ̀, kí ó fi sùúrù gbọ́ mi.

Ilé Ọlọ́run ni orin náà ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ó ń kọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ray Charles àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé e jáde sí gbangba ní àárín àwọn ọdún 1950. Nígbà tí ó kọjá òkun padà sọ́dọ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á lálejò ni Orlando Julius Ekemode, ẹni tí a bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní 1943. Ìbàdàn ni ó ti ń fọn fèrè saksofóònù pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces. Ní 1966, ó gbé àwo Super Afro Soul jáde. Kò sín àlejò jẹ lásán. Ó fi ìlù wa àti háíláìfù lù ú, ó sì kọ orin Yorùbá sí i. Nígbà tí James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1970, ó bá a nílé wa.

Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀lé e? Ekemode lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974. Nígbà tí ọjọ́ pẹ́, àwọn ará òkè òkun ni ó tún àwo rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ fún títà. Ní 2014, ẹgbẹ́ Heliocentrics ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó fẹ́ràn ìró àtijọ́, bá a ṣe àwo Jaiyede Afro. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà náà. Orin ìgbà èwe rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ rí wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2022, ó kú. Ọdún mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín. Bí wọ́n bá ti fi falẹ̀, orin wọ̀nyí ìbá bá a wọ ibojì.

Ẹ rántí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ní 1922, ó kọ orin Yorùbá sínú àwo giramafóònù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1930, ó sùn nínú Olúwa. Ọdún mẹ́jọ náà ni. Títí di òní olónìí, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ìlú wa yìí ńkọ́? Àjọ UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní aráyé láti 2008. Igi tí àwọn baba wa gbẹ́ ní Ọ̀tà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba orin rẹ̀ sílẹ̀? Ẹ̀rọ ń dún tọ̀sán-tòru ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Èmi kò bá ilé-iṣẹ́ jà, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ wa ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ ìró ẹ̀rọ tí kò mọ ìró ìlù ìlú rẹ̀ kò tíì mọ ilé. Ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré, mo gba gángan lọ́wọ́ ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, mo tì í mọ́ inú àpótí títí sáà fi parí. Èmi kò bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ̀yin Olóyè fi àwọn àgbà onílù àti akọrin àdúgbò yín hàn wá, kí owó ẹgbẹ́ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ní tèmi, èmi yóò rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró de àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù. Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Àmín.