Owó Ìfẹ̀yìntì Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Wo Káàdì

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka sọ níbi ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́



Kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò dá àjọ títí ọdún yóò fi yípo láìwo káàdì rẹ̀. Bí alájọ bá gba owó tí kò sàmì sí káàdì, ariwo yóò ta lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa nítorí ọjọ́ ogbó, ta ló ń bèèrè ibi tó wọlé sí?

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wa fẹ̀yìntì. Ìwé owó oṣù rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń yọ owó náà lóṣooṣù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó o, oṣù mọ́kànlélógún ni kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Àwọn ìwé owó oṣù tó kó pamọ́ sínú àpótí ni a fi jà fún un. Owó náà wọlé níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin wí. Òfin 2004 ló dá ètò yìí sílẹ̀. Òfin 2014 ló rọ́pò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ ro owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦100,000, wọn yóò yọ ₦8,000 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ₦10,000 tirẹ̀ lé e, ó di ₦18,000 lóṣù. Kò gbọ́dọ̀ dín sí èyí. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a gbowó oṣù ni kí ó ti wọlé. Bí agbanisíṣẹ́ bá fà á sẹ́yìn, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ₦2 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan ní oṣooṣù, inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni ìtanràn náà sì ń lọ.

Ọwọ́ ọ̀gá kọ́ ni owó yìí ń gbé. Iléeṣẹ́ kan ń bójú tó o, òmíràn ń pa á mọ́, PenCom ti ìjọba sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò bójú tó tirẹ̀, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti November 2020. Nọ́ńbà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN ń bá a lọ síbi iṣẹ́ yòówù tó bá lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọdún 50, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù 4, lè gbà tó ìdá mẹ́rin owó náà. Kó rántí pé inú ìkòkò ọjọ́ ogbó ló ti bù ú.

Ohun méjì tún wà tí a kì í yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún. Èkíní ni ínṣọ́ránsì ẹ̀mí: bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí yóò kan àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí owó iṣẹ́ ọdún 3. Èkejì ni òfin 2010 lórí ìpalára níbi iṣẹ́: agbanisíṣẹ́ ń san ₦1 lórí ₦100 owó iṣẹ́ gbogbo wa fún NSITF.

Kí ni ká ṣe? Ẹ má ṣe ju ìwé owó oṣù nù. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ bèèrè ìwé àkáǹtì yín, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Oṣù tó bá dín, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. A ó kọ̀wé sí ọ̀gá, bí kò bá dáhùn, a ó kọ sí PenCom. Bí ẹnì kan bá bèèrè, wọn a ní oníjàgídíjàgan ni; bí gbogbo wa bá bèèrè, òfin ni.

Òfin yìí kan náà kò ní kí a má bá ọ̀gá dúnàádúrà fún owó ìdágbére lórí ti ìfẹ̀yìntì. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.