Èédú tó ń jáde ní ilẹ̀ wa



Ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni a bá wá lónìí. Bí ìjọba bá ń sọ̀rọ̀ agbára, epo ọkọ̀ àti iná mànàmáná ni a máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo agbára tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀, bí ìdajì ló jẹ́ igi àti èédú, inú oko àti igbó ló sì ti ń wá.

Àwa ará oko, igi gbígbẹ àti ẹ̀ka tó já ti tó wa. Àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kùtọnú ló fẹ́ èédú, torí èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn gbé. Ẹ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ní Ikpinlè nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àpò rẹ̀: ti Kétu, ti Ìpóbẹ̀, ti àwa náà.

Ẹni tó ń sun èédú á gé igi, á tò ó jọ, á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, á tanná sí i, á máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, eérú ni yóò bá. Bó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, igi kílò márùn-ún sí mẹ́jọ ni yóò lò kó tó rí èédú kílò kan. Ẹ ṣírò ó: àpò kílò 50, igi kílò 250 sí 400 ni. Lóòótọ́, èédú gbóná tó igi lọ́nà méjì, kílò fún kílò. Ìyókù ńkọ́? Ó ti bá èéfín lọ. A ò bú ẹni tó ń sun ún o, ọmọ wa ni. Àgbàdo ò mówó wọlé, owó ilé-ìwé sì ti dé. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ohun tó ń dùn wá ni igi tí wọ́n ń gé. Igi líle bí àyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tí àyìn wọ́n, wọ́n bọ́ sórí máńgòrò. Ní báyìí, wọ́n ti ń wo igi igbá tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe irú.

Òfin igbó wà, nọ́mbà 93-009, ti ọjọ́ 2 oṣù keje 1993. Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìntì mọ̀ pé ìwé kì í rìn dé oko fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí ta igi lórí ìdúró, bàbá ò gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìgégi bá ń ké ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu baálẹ̀ ló lè dá irú èyí dúró. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ta igi láìjẹ́ pé ẹbí àti baálẹ̀ mọ̀ sí i.

Kí a sì gbin tiwa. Akasíà ń yára dàgbà, ọdún márùn-ún sí méje ó ti tó gé, ó sì ń ṣe ilẹ̀ tó ti gbó lóore. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe epo ti ń fi ìhá àti èèpo ẹkùrọ́ dáná tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn; ẹ jẹ́ ká kí wọn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní orílẹ̀-èdè wa. Kó tó dé, kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti Massè dé Kpoulou, mú ilẹ̀ kan wá tí ẹbí fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ ìdajì ẹkítà. Ẹgbẹ́ yóò wá igi tí a ó gbìn. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó máa lọ.