Ṣé Orúkọ Tó Ní "Fá" Lè Dí Ìgbàgbọ́ Lọ́wọ́?

 

Ọ̀rọ̀ tòní wá látinú ohùn tí ọ̀kan nínú yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ó ń múra àtilọ sìnrú ìlú. "Fá" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn. Àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ ní bí kò bá yí i sí "Olú" tàbí "Jésù", ìṣòro ìdílé baba rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e kiri. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé èmi nìkan ni kí n wá máa jẹ́ ẹ lọ?" Láti ọjọ́ náà, nǹkan ò gún mọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni kí n ṣe?"

Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n gé e, kí n tò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n "Ògún" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tèmi náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fáwọn tó gbà á nímọ̀ràn. Ọlọ́run yí orúkọ padà lóòótọ́: Ábúrámù di Ábúráhámù, Jákọ́bù di Ísírẹ́lì. Àwa Yorùbá náà ò sì fi orúkọ ṣeré. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un pé kó yí tirẹ̀, ká má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ẹ ṣí ìwé Dáníẹ́lì orí kìíní. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bábílónì, wọ́n sọ ọ́ ní Bẹlitéṣásárì. Nígbà tó di orí kẹrin, ọba fẹnu ara rẹ̀ sọ pé orúkọ òrìṣà òun ni. Wọ́n sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àbẹ́dínígò, ìyẹn ìránṣẹ́ Nébò, òrìṣà wọn mìíràn. Kí ni Dáníẹ́lì wá kọ̀? Oúnjẹ ọba ló kọ̀. A ò kà á níbẹ̀ pé ó torí orúkọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ, ìyẹn ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ lé lórí. Àbẹ́dínígò sì wọ iná ìléru tòun ti orúkọ náà, iná ò jó o.

Ẹ tún wo Májẹ̀mú Tuntun. Àpólò tó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú, Fébè tí Pọ́ọ̀lù yìn nínú Róòmù orí 16, Ẹpafíródítù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí iṣẹ́ Kristi: inú orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ṣe dárúkọ wọn nínú lẹ́tà rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Kristẹni ni D. O. Fágúnwà. Ilé ìtẹ̀wé CMS, tí í ṣe ti àwọn oníwàásù, ló tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, "Fá" sì wà nínú orúkọ òǹkọ̀wé. Ẹnìkan tó yí orúkọ padà ni Mojọ́lá Agbébí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. David Brown Vincent ló ń jẹ́ títí di 1894. Orúkọ òyìnbó ló bọ́ sílẹ̀, tó mú ti Yorùbá.

Àbúrò mi, ibi tí mò ń lọ rèé. Oúnjẹ ọba ń dúró dè ọ́ níbi ìsìnrú ìlú. Wàá rí àwọn tó ń fún ọ̀gá lówó kó máa buwọ́ lùwé fún wọn lóṣooṣù, tí wọn ò sì yọjú síbi iṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn á máa jẹ́ "Jésù" nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá bá ọ, tó o bá kọ̀, gbogbo ibẹ̀ ló máa mọ ẹni tí ò ń sìn.

Tó bá ṣì wù ọ́ láti yí i, ọ̀nà rẹ̀ ò pa mọ́: wàá búra ní kóòtù, wàá kéde nínú ìwé ìròyìn, wàá tún NIN àti ìwé báńkì rẹ ṣe. Àmọ́ má ṣe é nítorí ìbẹ̀rù. Jésù tó rà ọ́ padà kò sá fún lẹ́tà méjì.

Kó o tó ṣe ohunkóhun, lọ jókòó ti bàbá rẹ. Bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi sọ bàbá wọn ní orúkọ yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọpẹ́ ló wà nínú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ti mọ ẹni tó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ, torí Ẹni náà ló pàṣẹ ìyẹn.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí kàn, ẹ fohùn tiyín náà ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.