Èèkàn Márùn-ún àti Ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ Kan



Ìwádìí tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní yunifásítì kí wọ́n tó gba oyè àkọ́kọ́ ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀ka ìṣirò tí ó jẹ mọ́ àmì, ìlà àti igun ni mo mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ni èyí yóò fi kún ìlú. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ kan èèkàn márùn-ún mọ́lẹ̀ bí ó bá ti wù yín. Kí mẹ́ta nínú wọn má ṣáà ti wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo ní ẹ óò rí mẹ́rin nínú wọn tí ó jẹ́ pé, bí a bá fi okùn yí wọn ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò di igun okùn náà. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn yí márààrún ká. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá di igun, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta péré, méjì kù sínú nìyẹn. Ẹ fa ìlà gba orí àwọn méjì inú kọjá: dandan ni kí méjì nínú àwọn mẹ́ta ìta bọ́ sí apá kan náà. Àwọn méjì yẹn pẹ̀lú méjì inú ni mẹ́rin tí à ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Esther Klein, ni ó rí èyí ní Budapest ní nǹkan bí 1933. Ó wá bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé: èèkàn mélòó ni yóò mú onígun márùn-ún dájú? Onígun mẹ́fà ńkọ́? Paul Erdős àti George Szekeres kọ̀wé lé e lórí ní 1935. Szekeres fẹ́ Klein ní 1937. Ẹ rí i pé ìṣirò náà a máa lérè! Èèkàn 9 ni ti onígun márùn-ún. Ti onígun mẹ́fà, èyí tí í ṣe 17, kò ní ẹ̀rí títí di 2006, tí kọ̀ǹpútà fi ṣèrànwọ́. Ti onígun méje, 33 ni wọ́n fojú sùn. Kò tíì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láyé.

Ní ọdún ìkẹyìn, àwọn ọmọ wa náà ní láti kọ ìwé ìwádìí, a sì mọ iye wọn tí ń da ìwé ẹni àná kọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bá ń pín owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọmọ tí ó ní ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí ti lọ́yà.

Mo ti kó èèkàn márùn-ún àti okùn sí ìta gbọ̀ngàn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ dán an wò.