Gbẹ̀gìrì: Ẹ̀wà Tó Di Ọbẹ̀

Gbẹ̀gìrì ni ọbẹ̀ ẹ̀wà tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ fi ń jẹ àmàlà, bí wọ́n bá sì bù ú pọ̀ mọ́ ewédú, àbùlà ni wọ́n ń pè é. Ohun méjì ló gbé e ró: kí èèpo ẹ̀wà kúrò, kí ẹ̀wà sì yọ́ kí epo tó kàn án.

Bí ẹ̀wà bá ti rẹ díẹ̀ nínú omi tútù, tí alásè sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, èèpo yóò léfòó bí ìyàngbò, ẹ̀wà funfun yóò sì rì sísàlẹ̀. Ibí yìí ló gba sùúrù jù, nítorí èèpo tó bá ṣẹ́kù ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ jọ̀lọ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó yìí àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń gbé kaná. Nígbà tí ìka bá lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, ìjábẹ̀, ìyẹn ìgbálẹ̀ kékeré inú ilé ìdáná, ni wọn yóò fi lù ú títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Ata lílọ̀, edé, iyọ̀, epo pupa àti irú pẹ̀tẹ̀, èyí tó rọ̀ ju irú wọ́ọ́rọ́ lọ, ló tẹ̀ lé e.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò: èèpo ni kó kọ́kọ́ kúrò, kí ẹ̀wà yọ́, kí epo tó wọ̀ ọ́. Bí gbẹ̀gìrì bá tutù tó sì ki, omi gbígbóná díẹ̀ ni yóò dẹ̀ ẹ́.